CI: Àwọn Ìbéèrè Tí Kì Í Tán Lẹ́nu Àwọn Tó Ń Kọ Kóòdù

Kí ni CI yìí gan-an?

Continuous integration ni wọ́n gé kúrú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tó ń kọ kóòdù papọ̀ máa ń da iṣẹ́ wọn pọ̀ sójú kan lemọ́lemọ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, dípò kí kálukú lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ tiẹ̀ fún odindi oṣù kan kó tó gbé nǹkan wá. Gbàrà tẹ́nì kan bá ti push (ìyẹn ni pé ó fi kóòdù ẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí gbogbo wọn ń kó o sí), sáfà kan á gbé kóòdù yẹn, á build ẹ̀ (á sọ ọ́ di áàpù tó ṣeé lò) látìbẹ̀rẹ̀, á ṣe gbogbo tẹ́ẹ̀sì tó bá níbẹ̀, á wá gbé èsì jáde: gíríìnì tó bá páàsì, pupa tó bá féèlì.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ò ṣòro. Tí èèyàn 5 bá da kóòdù ọ̀sẹ̀ 3 pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí áàpù wá kọ̀ tí kò dìde mọ́, gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìlà 20 péré lẹ yí padà láàárọ̀ yìí tó sì pupa, inú ìlà 20 yẹn ni kẹ́ ẹ ti wá a.

Èmi nìkan ni mò ń kọ kóòdù mi, ṣé mo nílò ẹ̀?

Ẹ nílò ẹ̀. Kọ̀ǹpútà yín ti mọ̀ yín jù, àwọn nǹkan tẹ́ ẹ ti fi sórí ẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gbàgbé ṣì wà níbẹ̀ tó ń ràn yín lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ CI ò mọ̀ yín rí, òfìfo ló máa ń wá, ohun tẹ́ ò bá kọ sínú fáìlì kò ní í. Fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, èyí gan-an ni èrè ẹ̀.

Ṣé CI àti CD kì í ṣe nǹkan kan náà ni?

Rárá o. CI ń build, ó ń ṣe tẹ́ẹ̀sì, ó parí. CD ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa lò ó, ìtumọ̀ méjì ló sì ní: continuous delivery, ìyẹn ni pé gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́ àmọ́ èèyàn ló máa tẹ bọ́tìnnì, àti continuous deployment, níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní tẹ nǹkan kan, tó bá ti gíríìnì ó ti jáde nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ ṣe CI nìkan ná. Tẹ́ ò bá tíì fọkàn tán tẹ́ẹ̀sì yín, kí lẹ fẹ́ máa fi kóòdù ránṣẹ́ sáwọn èèyàn láìwò ó sí?

Nínú Jenkins, GitHub Actions àti GitLab CI, èwo ni kí n mú?

Irinṣẹ́ tó ń ṣe CI ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, GitHub àti GitLab sì ni ibi orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó kóòdù sí. Ibi tí kóòdù yín bá ń gbé ni kẹ́ ẹ ti mú un. Tó bá jẹ́ GitHub, Actions ti wà níbẹ̀ láti 2019, ẹ ò nílò àkáǹtì míì. Tó bá jẹ́ GitLab, fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ `.gitlab-ci.yml` lẹ máa fi sí ìta pátápátá nínú repo (fóódà tó gbé gbogbo kóòdù yín), kì í ṣe inú fóódà míì, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Jenkins ló dàgbà jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Hudson ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìjà lórí orúkọ yẹn ló bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ ọ́ àti ilé iṣẹ́ Oracle, ni wọ́n bá yí i sí Jenkins ní 2011. Kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ tí ẹ ò ní rí plugin ẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa gbé e sórí sáfà yín, ẹ̀yin lẹ máa ṣe update ẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa dìde lóru tí disk bá kún. Tí kò bá sẹ́nì kankan nínú tíìmù yín tíṣẹ́ yìí jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ gan-an, mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí mo máa lò nísàlẹ̀, GitHub Actions ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí òun lèmi náà ń lò lójoojúmọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wọn.

Ṣé ọ̀fẹ́ ni?

Jenkins fúnra ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀rọ tó máa gbé e ni kì í ṣe ọ̀fẹ́. Lórí GitHub, repo tó bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé kì í san kọ́bọ̀ lórí àwọn runner (ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ CI) gbogbogbò. Repo ìkọ̀kọ̀ lórí plan ọ̀fẹ́, ìṣẹ́jú 2,000 ni wọ́n ń fún yín lóṣù, macOS àti Windows sì ń jẹ owó ju Linux lọ, torí náà Linux ni kẹ́ ẹ fi gbogbo nǹkan sí, àfi tó bá jẹ́ pé áàpù iPhone lẹ ń build.

Ohun tó máa ń jẹ ìṣẹ́jú èèyàn mọ́lẹ̀ ni job (ìdìpọ̀ iṣẹ́ kan tí CI ń ṣe) tó há. Tẹ́ ò bá sọ nǹkan kan, ìṣẹ́jú 360 ni GitHub máa fi dúró kó tó pa á, ìyẹn odindi wákàtí 6, lórí tẹ́ẹ̀sì kan tó ń dúró de ohun tí kò ní wá láéláé. Ẹ kọ `timeout-minutes: 15` sínú gbogbo job yín, kíá, kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan míì.

Mi ò tíì kọ tẹ́ẹ̀sì kankan, ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀?

Òní gan-an ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Kí kóòdù build lórí ẹ̀rọ tí kò mọ̀ yín rí, tẹ́ẹ̀sì nìyẹn náà. Tó bá ti ń ṣe ìyẹn, ẹ fi linter (irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe nínú kóòdù láìrun ún) kún un, lẹ́yìn náà ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá tún bug kan ṣe, ẹ kọ tẹ́ẹ̀sì kan tí ì bá ti mú bug yẹn. Ẹni tó ní òun fẹ́ jókòó kọ tẹ́ẹ̀sì gbogbo kóòdù òun tán kóun tó gbé CI síbẹ̀, mi ò tíì rí i kó bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni fáìlì ẹ̀ ṣe máa ń rí?

Èyí tó kéré jù fún iṣẹ́ Python nìyí, inú fóódà `.github/workflows/` lẹ máa fi sí, orúkọ tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fún un, bíi `ci.yml`:

```
name: CI
on:
  push:
    branches: [main]
  pull_request:
jobs:
  test:
    runs-on: ubuntu-latest
    timeout-minutes: 15
    steps:
      - uses: actions/checkout@v4
      - uses: actions/setup-python@v5
        with:
          python-version: "3.12"
      - run: pip install -r requirements.txt
      - run: pytest
```

Ìlà checkout yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Ẹ̀rọ yẹn ò gbé kóòdù yín wá, àfi tẹ́ ẹ bá ní kó lọ gbé e. Commit (ìyípadà tẹ́ ẹ fi pamọ́ sínú git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù yín) tó kẹ́yìn nìkan ló sì máa gbé, torí náà tẹ́ ẹ bá ní nǹkan tó ń ka tag (orúkọ tí wọ́n fi sàmì sí commit) inú git láti mọ nọ́ńbà version, kò ní rí tag kankan, ẹ fi `fetch-depth: 0` sí i.

Nǹkan kejì: ẹ̀rọ tuntun ni job kọ̀ọ̀kan máa ń bẹ̀rẹ̀ sí. Fáìlì tí job àkọ́kọ́ ṣe, job kejì ò ní bá a níbẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá fi artifact (fáìlì tí CI bá yín tọ́jú) gbé e fún un.

YAML yìí ń dààmú mi, kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

YAML ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ fáìlì òkè yẹn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá tab wà níbẹ̀. YAML ò gba tab kẹ́ ẹ fi sún ìlà wọlé, àlàfo lásán ló gbà.

Èyí tó ń pa èèyàn gan-an ni ti nọ́ńbà. Ẹ kọ `python-version: 3.10` láìfi àmì ọ̀rọ̀ sí i, YAML ka á sí nọ́ńbà, nọ́ńbà 3.10 àti 3.1 ò sì yàtọ̀ síra, ni CI bá ń wá Python 3.1 kiri tó ní òun ò rí i. Ẹ kọ ọ́ báyìí: `"3.10"`. Bẹ́ẹ̀ náà ni `no` àti `yes`, ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ máa ń kà wọ́n sí false àti true, kódà tó bá jẹ́ pé Norway lẹ ń pè ní `no`. Tọ́wọ́ yín bá ti kan ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó dúró bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, ẹ sáà fi àmì ọ̀rọ̀ sí i.

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà mi, kílódé tí CI fi ń féèlì?

Ìbéèrè tó pọ̀ jù nìyí, nígbà tó pọ̀ jù, CI ló sì ń sọ òótọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ fáìlì. Ẹ kọ `import Button from './button'`, fáìlì yẹn sì ń jẹ́ `Button.js`. Mac àti Windows kì í sábà fi lẹ́tà ńlá àti kékeré ṣe ìyàtọ̀, wọ́n á ṣí i fún yín. Linux ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí orúkọ yẹn padà, `git mv` ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, torí lórí Mac àti Windows tẹ́ ẹ bá kàn fọwọ́ yí i, git lè má mọ̀ pé nǹkan kan yí rárá.

Tí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ wo package (kóòdù àwọn ẹlòmíì tẹ́ ẹ ń lò). Ṣé ẹ ti commit lock file yín, ìyẹn fáìlì tó ń kọ version gbogbo package sílẹ̀? Tẹ́ ò bá tíì commit ẹ̀, ohun tó wà lórí ẹ̀rọ yín ni version oṣù tó kọjá, CI sì lọ gbé ti àárọ̀ yìí. Fún Node, `npm ci` ni kẹ́ ẹ lò, ẹ fi `npm install` sílẹ̀. `npm ci` ń tẹ̀ lé lock file láìyà bàrá, tí lock file àti package.json ò bá sì bára mu, á pariwo.

Aago ńkọ́? Aago UTC ni àwọn runner ń lò. Mo ti rí tẹ́ẹ̀sì tó ń páàsì látàárọ̀ tó sì ń féèlì tílẹ̀ bá ti ṣú, ẹni tó kọ ọ́ fi ọjọ́ òní lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ wé ọjọ́ òní ní UTC, fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ àwọn méjèèjì kì í wà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi ọjọ́ kan pàtó sínú tẹ́ẹ̀sì, ẹ má bi aago léèrè.

Tí gbogbo ẹ̀ bá sú yín, ẹ clone repo yín sínú fóódà tuntun tó ṣófo, ẹ tẹ̀ lé àwọn ìlà inú fáìlì CI yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà, nínú container Linux (àyíká Linux kékeré tó dá dúró lórí kọ̀ǹpútà yín) tó bá ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ ò ní kọjá ìlà kẹta kẹ́ ẹ tó rí i.

"Permission denied" ni mo ń rí tó bá fẹ́ run script mi.

Git ò tíì mọ̀ pé fáìlì yẹn ṣeé run. Ẹ tẹ `git update-index --chmod=+x build.sh`, ẹ commit, ó tán. Tó bá jẹ́ `bad interpreter` lẹ rí tí `^M` wà nídìí ẹ̀, Windows ló fi òpin ìlà tiẹ̀ sí i. Ẹ kọ `*.sh text eol=lf` sínú `.gitattributes`.

CI mi pẹ́ jù, ìṣẹ́jú 40! Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ wo log kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, àkókò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ step kọ̀ọ̀kan. Èèyàn á máa dín tẹ́ẹ̀sì kù, nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú 25 ló ń lò láti máa da package kan náà wọlé ní gbogbo ìgbà. Cache (ibi tí CI ń tọ́jú ohun tó ti dà wọlé tẹ́lẹ̀) lẹ máa fi wo ìyẹn sàn, kẹ́ ẹ sì fi hash lock file ṣe key ẹ̀, kó lè yí padà nígbà tí package bá yí padà nìkan. Tẹ́ ẹ bá ń lo `npm ci`, fóódà download npm ni kẹ́ ẹ cache, kì í ṣe `node_modules`, torí nǹkan àkọ́kọ́ tí `npm ci` máa ṣe ni kó pa `node_modules` rẹ́. Lórí GitHub, cache tẹ́nikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn fún ọjọ́ 7, wọ́n á kó o dànù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pín tẹ́ẹ̀sì sí job méjì mẹ́ta kí wọ́n máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ sì lo `concurrency` pẹ̀lú `cancel-in-progress: true`, kó lè jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá push lẹ́ẹ̀mẹta léra, méjì àkọ́kọ́ á dákẹ́. Ìṣẹ́jú 10 lèmi máa ń lé. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn èèyàn á ti lọ ṣe nǹkan míì, wọn ò ní padà wá wo èsì mọ́.

Dátábéèsì mi kì í jẹ́ nígbà míì, "connection refused" ló ń sọ.

Kí container dìde yàtọ̀ sí kí dátábéèsì inú ẹ̀, bíi Postgres, ṣe tán. Ẹ fi health check sí i, kí tẹ́ẹ̀sì dúró títí `pg_isready` á fi ní ó ti yá. Ẹ má kọ `sleep 10`, lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá ń falẹ̀, 10 ò ní tó. Tó bá sì jẹ́ pé kì í jẹ́ rárá, ẹ wo orúkọ: lórí GitLab orúkọ service ni hostname ẹ̀, bíi `postgres`, lórí GitHub tí job ò bá sí nínú container, `localhost` ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti ṣí port ẹ̀.

Tẹ́ẹ̀sì kan ń páàsì lónìí, ó ń féèlì lọ́la, kóòdù ò sì yí padà.

Flaky test ni wọ́n ń pè é. Ohun tó sábà ń fà á ni tẹ́ẹ̀sì tó ń lo ohun tí tẹ́ẹ̀sì míì fi sílẹ̀, tàbí èyí tó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí èyí tó gbójú lé pé nǹkan á tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ da ètò àwọn tẹ́ẹ̀sì rú kẹ́ ẹ run wọn láìtò, èyí tó ń gbára lé ẹlòmíì á hàn síta.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ sáà tẹ re-run. Mo mọ̀ pé ó yá, èmi náà ti ṣe é. Àmọ́ tó bá di àṣà, ọjọ́ tó bá pupa lóòótọ́ ẹ ṣì máa tẹ re-run náà ni. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń dènà merge (dída kóòdù pọ̀ mọ́ main, ẹ̀ka àgbà), ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ sórúkọ ẹnì kan, tí kò bá tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ pa á rẹ́.

CI gíríìnì, síbẹ̀ kóòdù ti bàjẹ́. Ṣé CI ń purọ́ ni?

Ó lè máa purọ́ o. Nǹkan kan ṣoṣo ni CI ń wò: exit code, nọ́ńbà tí aṣẹ kan fi sílẹ̀ tó bá parí. Òdo túmọ̀ sí ó páàsì, nọ́ńbà míì túmọ̀ sí ó féèlì, kì í ka log yín.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo fẹ́ kí èsì tẹ́ẹ̀sì wà nínú fáìlì, mo wá kọ `pytest | tee log.txt`. Nínú bash, exit code aṣẹ tó kẹ́yìn ló ń jáde, tee ló sì kẹ́yìn, tee ò sì féèlì rí láyé ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 3 tá a fi ń wo gíríìnì, tínú wa ń dùn, tí tẹ́ẹ̀sì 4 sì ń féèlì gbangba nínú log tẹ́nikẹ́ni ò ṣí. `set -o pipefail` lókè script ló wò ó sàn, ó ní kí gbogbo ìlà náà féèlì tí aṣẹ kan nínú ẹ̀ bá féèlì. Lórí GitHub, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín kọ `shell: bash`, pipefail á wà níbẹ̀, tẹ́ ò bá kọ ọ́, bash náà ló máa lò àmọ́ pipefail ò ní sí níbẹ̀. Mo mọ̀, kò bọ́gbọ́n mu.

Ẹ tún wá `|| true` àti `continue-on-error` nínú fáìlì yín. Tẹ́ ẹ bá sì ṣe tán, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ba tẹ́ẹ̀sì kan jẹ́ lórí branch (ẹ̀ka kóòdù) kan, ẹ push, ẹ wò ó bóyá á pupa.

Níbo ni kí n kó pásíwọ́ọ̀dù àti API key sí?

Inú secrets tó wà nínú settings repo yín. Ẹ má kọ ọ́ sínú fáìlì, kódà kí repo jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀. GitHub á fi `*` bo ó nínú log, àmọ́ ẹ má gbójú lé ìyẹn, tẹ́ ẹ bá yí i sí base64 kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kò ní dá a mọ̀.

Tó bá ti bọ́ síta ńkọ́? Ẹ lọ fagi lé key yẹn níbi tẹ́ ẹ ti gbà á, ẹ gba tuntun, lójú ẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ máa pa commit rẹ́ ò ràn án, ẹni tó bá ti clone ti ní in lọ́wọ́, àwọn bot sì wà tí kò níṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa wá key kiri nínú repo.

Secret mi ò wọlé nínú pull request tó wá láti fork.

Fork ni ẹ̀dà repo yín tí àlejò ṣe, pull request sì ni bó ṣe ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ gba ìyípadà ẹ̀ wọlé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Tí àlejò bá lè yí fáìlì CI padà kó sì rí secret yín, ìlà kan ṣoṣo ló máa fi kó o lọ. Ẹ jẹ́ kí tẹ́ẹ̀sì tó ń run lórí fork jẹ́ èyí tí kò nílò secret. Ẹnì kan á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lo `pull_request_target`. Ìyẹn ń fún un ní secret lóòótọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tún checkout kóòdù àlejò níbẹ̀ kẹ́ ẹ run ún, ẹ ti fọwọ́ ara yín ṣílẹ̀kùn fólè.

Ṣé ewu wà nínú lílo action tẹ́lòmíì kọ?

Ó wà. Action ni kóòdù tẹ́ ẹ fi `uses` pè wá sínú fáìlì yín. Ní oṣù kẹta 2025, wọ́n wọ inú `tj-actions/changed-files`, èyí tí repo tó ju 23,000 ń lò, wọ́n yí àwọn tag ẹ̀ padà kí wọ́n máa tọ́ka sí kóòdù tó ń da secret sínú log. Àwọn tó kọ `@v35` tàbí `@v44`, tag yẹn ò yí orúkọ padà, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló yí. Ẹ fi odindi SHA commit (nọ́ńbà gígùn tó jẹ́ ti commit yẹn nìkan) sí i dípò tag, kẹ́ ẹ sì kọ `contents: read` sábẹ́ `permissions:` nínú workflow yín (fáìlì CI yẹn), kí token tó wà níbẹ̀ má lágbára ju iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Pull request mi ń dúró de check kan tí kò bẹ̀rẹ̀ láéláé.

Ẹ ti fi `paths` dín workflow yẹn kù, kó máa run nígbà tí fóódà kan pàtó bá yí nìkan, ẹ sì tún sọ ọ́ di dandan nínú branch protection (àwọn òfin tó ń dáàbò bo branch). Ìyípadà yín ò kan fóódà yẹn, workflow ò run, GitHub ṣì ń retí èsì ẹ̀. Ẹ yọ `paths` kúrò, ẹ fi `if` sórí job náà, torí job tí `if` bá fò kọjá, wọ́n á kà á sí pé ó páàsì.

Workflow tó ń run lálaalẹ́ kàn dákẹ́ lójijì.

Lórí repo gbangba, tí kò bá sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ 60, GitHub á pa schedule náà. Ẹ lọ sí Actions kẹ́ ẹ tún un tàn. Aago UTC ló ń tẹ̀ lé, ẹ má sì fi sí ìṣẹ́jú òdo, ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń fi sí, á pẹ́ kó tó kàn yín.

Pull request méjì, méjèèjì gíríìnì, mo merge wọn, main di pupa. Báwo?

Ọ̀kan yí orúkọ function kan padà láti `getUser` sí `fetchUser`, ó sì tún gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pè é ṣe. Èkejì, tó ti wà nílẹ̀ láti àná, fi fáìlì tuntun kún un tó ń pe `getUser`. Wọn ò kan ìlà kan náà, git ò rí ìjà kankan. Kálukú wọn páàsì lórí main tàná, kò sẹ́ni tó ti ṣe tẹ́ẹ̀sì àwọn méjèèjì pa pọ̀ rí.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè fi dandan lé e pé kí branch bá main mu kó tó merge, ó dáa fún tíìmù kékeré, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pọ̀, gbogbo merge kan á sọ pull request àwọn yòókù di ti àná, ẹ ó máa tẹ update branch títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà yẹn ni merge queue wúlò: ó ń tò wọ́n, ó ń ṣe tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn tó wà níwájú ẹ̀, èyí tó bá bà á jẹ́ ló máa yọ síta. Ẹ rántí fi `merge_group` kún `on` nínú fáìlì yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ queue á dúró síbẹ̀ láìlọ láìbọ̀.